Ẹ̀gbọ́n Tí Màmá Kò Ní

Òórùn ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin alágbàfọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì kó aṣọ ìyá rẹ̀ jọ láti fọ̀ ọ́. Bó ṣe gbé ẹ̀wù kan kọjá nítòsí imú báyìí, ó dúró. Oògùn apakòkòrò ni ẹ̀wù náà ń rùn, irú èyí tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù. Irú rẹ̀ ò sí nílé wọn. Ọṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ ń lò, ó mọ òórùn rẹ̀ bí abiyamọ ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ó yí apá ẹ̀wù náà síta, ó rí àbàwọ́n ọbẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ọn. Ọbẹ̀ ẹja ni. Ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti jẹ ẹja nílé wọn gbẹ̀yìn.

Arúgbó tí kì í jáde, níbo ló ti lọ ta ọbẹ̀ sára?

Ìyá tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ. Iléèwé àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ló ti ṣe olórí alásè títí tó fi fẹ̀yìn tì. Bí ọmọ kan bá gbé àwo wá lẹ́ẹ̀kejì, tó ní òun ò tíì gba oúnjẹ, ìyá á wo ètè ọmọ náà dáadáa, á ní, “Má tàn mí o.” Ni àwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Má-tàn-mí. Orúkọ náà tẹ̀ lé e jáde nínú ọgbà iléèwé, ó bá a dé ọjà, ó bá a délé, débi pé àwọn ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó kì í bèèrè irú ẹni téèyàn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyá ṣubú nínú balùwẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ò sì padà sípò mọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ó gbé ìkòkò kaná, oorun gbé e lọ, èéfín ló pe àwọn aládùúgbò wá. Láti ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ ti ń fi àgádágodo ti géètì látìta bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Á gbé oúnjẹ sórí tábìlì, á tan rédíò, á ní, “Màámi, mo ń bọ̀ o.” Ó di ìrọ̀lẹ́. Lójú tirẹ̀, ìtọ́jú ni.

Ó mú ẹ̀wù náà lọ́wọ́, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀.

“Màámi, ṣé ẹ jáde lónìí ni?”

“Jáde lọ síbo? Ṣé mo hu ìyẹ́ ni?”

“Ẹ̀wù yín ń rùn.”

“Arúgbó ni mí. Arúgbó ń rùn.”

Ó yí ojú padà sí rédíò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Alágbàfọ̀ náà ò gbà. Nínú iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ti rí oríṣiríṣi nǹkan nínú àpò aṣọ oníbàárà. Ó mọ ọkọ tó ń purọ́, ó mọ aya tó ń tọ́jú owó pamọ́, kò sì sọ fún ẹnì kankan rí. Kò wá ní jẹ́ kí ti ìyá òun gan-an rú òun lójú.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ajẹ́ńtì ilé ni àbúrò yìí, iṣẹ́ yẹn nìkan sì ti tó kéèyàn fura síni. Ìyá wọn ní ilé kan ní òdìkejì ìlú, èyí tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tí àwọn ayálégbé ń gbé. Bí ojú ológbò ṣe ń wà lára eku ni alágbàfọ̀ rò pé ojú àbúrò òun ń wà lára ilé náà. Ó pè é lórí fóònù.

“Ìgbà wo lo rí Màámi gbẹ̀yìn?”

“Àǹtí mi, kí ló dé?”

“Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, o tún fi ìbéèrè dá mi lóhùn.”

“Iwájú oníbàárà ni mo wà, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ n pè yín padà.”

Kò pè padà. Alágbàfọ̀ wo fóònù títí, ó mi orí. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lábùkù nínú kì í gba kí wọ́n sá fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó yà sọ́dọ̀ ṣúmẹ́kà tó máa ń jókòó lábẹ́ agboòrùn ní ọ̀ọ́kán géètì wọn. Ó ṣe bí ẹni wá tún bàtà ṣe. Ó gba ibí, ó gba ọ̀hún, kó tó bi í bóyá ó ń rí ẹnikẹ́ni tó ń wá sílé àwọn lọ́sàn-án.

“Hẹ̀n, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ni?” ni ṣúmẹ́kà dáhùn. “Mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán mọ́tò yẹn.”

“Mọ́tò wo?”

“Mọ́tò aláwọ̀ eérú kan tó máa ń wá ní Ọjọ́bọ̀ ni. Obìnrin kan tó máa ń wọ aṣọ funfun látòkè délẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀, á di Màmá lọ́wọ́ mú, wọ́n á wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó di gbéré.”

“Géètì tí mo tì ńkọ́?”

“Màmá fúnra wọn ni wọ́n ń ṣí i. Wọ́n á na ọwọ́ gba àárín irin, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Bí wọ́n bá sì dé, wọ́n á tún un tì bí ẹ ṣe tì í.”

Alágbàfọ̀ tọwọ́ bọ báàgì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ sí àgádágodo yẹn, inú báàgì òun ló sì wà. Ta ló rọ òmíràn fún ìyá? Obìnrin aláṣọ funfun wo? Ó ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n ń fi àdúrà àti àánú gba ìwé ilé lọ́wọ́ arúgbó. Ní ọkàn rẹ̀, ó ti rí àbúrò rẹ̀ àti wòlíì obìnrin kan tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń pín ilé bàbá wọn bí ẹni pín búrẹ́dì.

Kò sọ nǹkan kan nílé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti géètì bó ṣe máa ń ṣe, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n jọ ń lo áyọ́ọ̀nù, ó sì wá lọ sá pamọ́ sẹ́yìn agboòrùn ṣúmẹ́kà. Oòrùn ti ń gun òkè kí mọ́tò náà tó dé. Ó rí ìyá rẹ̀ tó jáde. Síkáàfù tí kì í wé nílé ló wé, ó so báàgì mọ́ apá, ó ń gbẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá bí ẹni tó ní ìpàdé. Ó ṣí géètì wẹ́rẹ́. Obìnrin aláṣọ funfun ṣí ilẹ̀kùn fún un, wọ́n lọ.

Alágbàfọ̀ fò sórí ọ̀kadà. “Tẹ̀ lé mọ́tò yẹn, ṣùgbọ́n má sún mọ́ ọn jù.”

“Ọkọ yín ló wà nínú ẹ̀?” ni ọlọ́kadà bi í.

“Ìyá mi ni.”

Ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹná mọ́ ọ̀kadà.

Ilé alájà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ni mọ́tò náà yà sí. Àwọn àgbàlagbà jókòó lórí àga gbọọrọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, àwọn kan ń wòran, àwọn kan ń tòògbé. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló jẹ́ kó mọ ibi tó dé: Ilé Ìtọ́jú Àwọn Àgbà. Wòlíì kọ́ rèé, nọ́ọ̀sì ni! Àbúrò òun ti ta ilé, ó wá fẹ́ da ìyá sí ibí bí ẹni da ẹrù.

Ó wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ọ̀nà àárín ilé, òórùn inú ẹ̀wù yẹn ló kún ibẹ̀. Nígbà tó rìn díẹ̀, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú yàrá kan tí wọn ò pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé tán.

“Bí ẹnì kan bá tẹ aago lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lóru, ta ló ń dá a lóhùn?”

“Nọ́ọ̀sì méjì ló máa ń wà lóru, Mà.” Ohùn obìnrin kan ni, ohùn ẹni tó jẹ́ olórí níbẹ̀.

“Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́sí nìyẹn. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ibí, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni.”

“Ẹnì kejì máa ń pẹ́ dé ni, Mà.”

“Ẹ jẹ́ kó máa tètè dé. Má tàn mí.”

“A ti gbọ́, Mà. Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ìgbà wo la máa rí wọn?”

Alágbàfọ̀ dúró gbọn-in níta. Ẹ̀gbọ́n wo? Ìyá òun ni àkọ́bí àwọn òbí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi ò lè wá báyìí,” ni ìyá sọ. “Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ọmọ dáadáa ni o. Kò sí ohun tó jẹ tí kì í bu fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀gbọ́n mi àti rédíò nìkan ni. Ọmọ náà ń ti géètì mọ́ ọn. Ó ní kí ìyá má baà jáde lọ ṣubú. Bó bá wá ṣubú sínú ilé ńkọ́? Ta ló máa ṣílẹ̀kùn? Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé bí òun bá ti gbọ́ tí àgádágodo yẹn dún kó báyìí, ara òun á tutù pátápátá.”

“Kí ló dé tí wọn ò sọ fún ọmọ náà?”

“Á sunkún. Bó bá sì ti sunkún, ẹ̀gbọ́n mi á ní òun ò lọ síbì kankan mọ́.”

Alágbàfọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo èèyàn ló ti fura sí láti ọjọ́ tó ti gbóòórùn ẹ̀wù yẹn, kò fura sí ara rẹ̀ rí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ìyá rẹ̀ ò ta gìrì. Ó wò ó látorí délẹ̀. “Ta lo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún?”

Mátírọ́ọ̀nù, obìnrin tó ni ohùn yẹn, wo àwọn méjèèjì. “Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín nìyí, Mà?”

“Ọmọ mi ni,” ni ìyá dáhùn. “Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, alágbàfọ̀ sì sunkún bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ. Lẹ́yìn ẹkún ló bínú. Ta ló rọ kọ́kọ́rọ́? Àbúrò rẹ ni. Ṣé ó ti ta ilé ni? Kò tà á. “Mo ní kó wá ayálégbé tó lè san owó gidi,” ni ìyá sọ. “Mo bọ́ ilé yẹn láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, mo tún òrùlé rẹ̀ ṣe, mo kùn ún lọ́dà. Òun náà ni yóò máa bọ́ mi báyìí.”

“Èló ló ń yọ níbẹ̀ fún ara rẹ̀?”

“Mo ti bi í. Ìbúra ló fi dáhùn, mi ò sì gba ìbúra gbọ́. Àwọn ayálégbé ni mo pè fúnra mi.”

Ilé kẹta tí ìyá ti wò nìyí. Wọn ò jẹ́ kó dé ilé ìdáná ti àkọ́kọ́, ó sì ní ibi tí wọ́n bá ti ń ti ilé ìdáná, ẹnu àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n tì. Nínú èkejì, ọ̀sán gangan ló dé, gbogbo wọn ló ń sùn. “Èèyàn kan á sùn, èèyàn méjì á sùn. Bí gbogbo ilé bá wá sùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oorun kọ́ nìyẹn. Wọ́n fún wọn ní nǹkan mu ni.” Ibí yìí ni wọ́n ti jẹ́ kó tọ́ ọbẹ̀ wò, kódà ó ta sí i lára.

Alágbàfọ̀ nu imú, ó dìde, ó padà sọ́dọ̀ mátírọ́ọ̀nù. Bó bá ṣe pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa já sí, òun náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Kí ló wà nínú owó oṣooṣù, kí ni kò sí nínú ẹ̀? Oúnjẹ, ibùsùn àti nọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀. Oògùn ò sí nínú ẹ̀. Aṣọ fífọ̀ ò sí nínú ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà lórí aṣọ fífọ̀, ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

“Mátírọ́ọ̀nù, iṣẹ́ mi nìyẹn. Owó tí ẹ dá yìí, òun ni mo ń gbà fọ aṣọ odindi ilé kan. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Èmi ni n ó máa wá kó aṣọ ìyá mi.”

Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n san àsansílẹ̀ fún yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà, wọ́n sì dá ọjọ́.

Lọ́jọ́ tí ìyá máa kó wọlé, àbúrò ló wa mọ́tò. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe gbé àpótí dé ẹnu yàrá olójú fèrèsé yìí, wọ́n bá arúgbó obìnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti múra, ó gbé báàgì kékeré lé orókún, ó ká ọwọ́ lé e.

“Ẹ káàbọ̀,” ló sọ fún wọn pẹ̀lẹ́. “Èmi ló ń lọ.”

“Níbo lẹ ń lọ?” ni Má-tàn-mí bi í.

“Wọn ò tíì sọ fún mi.”

Ìyá wo arúgbó náà, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó ní òun ò ní wọlé. Mátírọ́ọ̀nù sáré dé. Ó pe alágbàfọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀: ọmọkùnrin màmá yẹn ò sanwó mọ́, ó ti tó oṣù mélòó kan, yàrá ńlá tó wà lẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

“Yàrá ńlá wo?” ni alágbàfọ̀ ké. “Ẹ ò fi yàrá kankan hàn wá lẹ́yìn!”

Kò dúró gbàyè. Ó gba ẹ̀yìn lọ, àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀dì kún yàrá náà bámúbámú, ìwọ̀nba tí ẹsẹ̀ lè gbà ló wà láàárín wọn, fèrèsé ò ju ojú àtẹ lọ. Aago tí wọ́n ń tẹ̀ lóru ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì kankan. Bàbá arúgbó kan gbé ọwọ́ sókè kí wọn. Ọkàn àwọn méjèèjì lọ síbì kan náà: lọ́jọ́ tí owó tiwọn náà bá pẹ́, ibí ni wọ́n máa gbé Màámi wá.

“Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé,” ni alágbàfọ̀ sọ nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. “N ó ju àgádágodo yẹn nù. N ó gba ẹnì kan tí yóò máa jókòó tì yín.”

“Ta lo fẹ́ gbà tí o ò ní máa fura sí?” ni ìyá bi í. Ó tún wo inú yàrá náà. “Ibi tí mo ti mọ àbùkù rẹ̀ yá mi lára ju ibi tí wọn ò tíì jẹ́ kí n rí tiẹ̀. Ìwọ ajẹ́ńtì, yàrá yìí, ṣé kò lè gba bẹ́ẹ̀dì méjì?”

Àbúrò yọ ojú sínú yàrá. “Ó gbà á dáadáa. Àyè á tún ṣẹ́kù fún àga.”

“Yàrá ẹlẹ́nìkan ni, Mà,” ni mátírọ́ọ̀nù sọ.

“Ẹ sọ ọ́ di ẹlẹ́ni-méjì. Kí èmi san ìpín tèmi, kí òun náà san tirẹ̀.”

“Ta ló máa san tirẹ̀?”

Àbúrò yọ fóònù. “Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọmọ wọn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àwọn tó ń sá fún owó ilé.” Ó bọ́ síta. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó kọ́kọ́ rọ̀, ó wá le, ó tún rọ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní ọkùnrin náà ní òun ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Mátírọ́ọ̀nù búra pé kò dé ọ̀dọ̀ òun. Èwo nínú wọn ló ń purọ́, títí dòní olónìí, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wá lọ́jọ́ Sátidé, ojú rẹ̀ korò bí ewúro, ó sanwó lójú gbogbo wọn, ó sì dúró gba rìsíìtì. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò bi í ní nǹkan kan.

Nǹkan kan tún kù kí Má-tàn-mí tó kúrò lórí àpótí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ó ní kí mátírọ́ọ̀nù kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí owó òun bá pẹ́, ọmọ òun obìnrin ni wọ́n á kọ́kọ́ pè, wọn ò sì ní fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì òun. Alágbàfọ̀ ní kí ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ohun tó kọ hàn ketekete.

Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, àga ẹ̀yìn ṣófo. Alágbàfọ̀ wojú àbúrò rẹ̀.

“O rọ kọ́kọ́rọ́, o ò sọ fún mi.”

“Màámi ní bí mo bá sọ, ọ̀rọ̀ mi àti tiwọn parí. Àǹtí mi, ẹ̀yin náà ẹ fi àgádágodo tì wọ́n, ẹ ò sọ fún mi.”



Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ aṣọ. Lọ́jọ́ Ajé, á kó aṣọ tó mọ́ lọ, á gba èyí tó dọ̀tí, á tú u palẹ̀ nílé, á sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wò síwá sẹ́yìn kó tó ki í bọ omi. Títí di àsìkò yìí, kò tíì rí ohun tó burú nínú wọn. Ìyẹn ò ní kó má fura. Lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ aṣọ, ó pa ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án, ó gba ẹ̀yìn ilé náà wọlé. Ó yọjú sí ilé ìdáná, ó yọjú sí yàrá ńlá, ó rí i pé wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ ibi tí wọ́n kó àwọn tó ń sùn lórí rẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà yàrá ìyá rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni, ẹ̀rín àríntàkìtì, irú èyí tí kò gbọ́ láti ìgbà tí bàbá wọn ti wà láyé. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé, kí ni wọ́n fún wọn mu?

Ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn arúgbó méjèèjì jókòó kọjú síra wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, omijé ẹ̀rín wà lójú ìyá rẹ̀. Kò sí ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

“Òní kọ́ lọjọ́ aṣọ,” ni ìyá sọ.

“Mo ní kí n yà ni, Mà.”

“Jókòó, má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá. Ìtàn ọkọ ẹ̀ tó jí aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀ gan-an tà ló ń sọ.”

Arúgbó kejì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un. Alágbàfọ̀ jókòó. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú báàgì, ṣọ́ọ̀bù ló ń pè é, kò gbé e. Arúgbó náà húkọ́ díẹ̀, ó sì tún ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí àlejò.